Ṣé Òfin Ojú Pópó De Ọlọ́pàá Náà? Ìbéèrè Àwọn Awakọ̀ Àkúrẹ́ àti Ìdáhùn Wọn

Ẹ kú ìrìn o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà ní ìlú Àkúrẹ́, mo sì ti ṣe é pẹ́ débi pé mo máa ń mọ ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ bi mí kí ó tó la ẹnu. Èyí tí mo ń gbọ́ jù kò kan jíà tàbí bíréèkì rárá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti obìnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ dúró ní ojú ọ̀nà Ọba Adéṣidà, à ń retí kí àyè yọ kí a lè yí padà, ni ọkọ̀ àwọn agbófinró kan bá gba òdìkejì ọ̀nà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò fọn fèrè, kò tan iná, kò sì jọ ẹni tí ó ń lé ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìdí ẹni tí ń ta búrẹ́dì ni ó lọ dúró sí níwájú. Obìnrin náà wò mí lójú, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé àwọn yẹn kì í kọ́ èyí tí ẹ̀ ń kọ́ mi yìí ni?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Díẹ̀ nínú wọn nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún àwọn tí ó bi mí.

Ǹjẹ́ òfin ìrìnnà ọkọ̀ de ọlọ́pàá bí ó ṣe de àwa yòókù?

Ó dè é. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2012, ń bá ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sí ìdí ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì béèrè irú aṣọ tí ẹni náà wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ààbò kan wà lára ọlọ́pàá tí kò jẹ́ kí òfin lè mú un, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sí abala 308, ipò mẹ́rin péré ni a ó bá níbẹ̀ tí a kò lè pe ẹni tí ó wà nínú wọn lẹ́jọ́ títí yóò fi kúrò lórí oyè: ipò Ààrẹ, ti igbákejì Ààrẹ, ti gómìnà, àti ti igbákejì gómìnà. Kò sí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá níbẹ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ti kọ́ńsítébù tí ó ń wa ọkọ̀ pátírólù. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, tí ó gba ipò èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀, gbé e lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ pé kí ó rí i pé gbogbo òfin ilẹ̀ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, òfin ojú pópó sì wà lára wọn. Ẹni tí a fún ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró kò tipa bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ pé kí òun má dúró nígbà tí iná pupa bá tàn.

Bí wọ́n bá ń lé adigunjalè ńkọ́? Ṣé kí wọ́n dúró de iná ni?

Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò sọ pé kí ọlọ́pàá tí ó ń lé olè dúró níbi iná pupa títí olè yóò fi dé Ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn, ọkọ̀ panápaná, àti ọkọ̀ ọlọ́pàá tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ pàjáwìrì jẹ́ ọkọ̀ tí ó yẹ kí gbogbo wa yà fún. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti nílò sùúrù, nítorí pé iṣẹ́ ni òfin fún ní àyè yìí, kì í ṣe ọkọ̀, kì í sì í ṣe ẹni tí ó ń wà á. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá ti parí, tí wọ́n ti mú olè tàbí tí olè ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń padà bọ̀ sí àgọ́ wọn, ọkọ̀ wọn ti di ọkọ̀ bíi tèmi àti tìrẹ, ó sì yẹ kí ó dúró níbi tí tèmi bá dúró.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wọn ti ọdún 1984 gbà kí ọkọ̀ ọlọ́pàá kọjá ìwọ̀n eré tí a fi lélẹ̀ bí pípa ìwọ̀n náà mọ́ yóò bá ṣèdíwọ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe ní àkókò yẹn. Ní ibi iná pupa, wọ́n gbọ́dọ̀ rọra yọjú, kí wọ́n rí i pé àwọn tí iná fún láyè ti rí wọn, kí wọ́n tó kọjá. Bí ọlọ́pàá bá sì wa ìwàkuwà, wọ́n ṣì lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, bí olè tí ó ń lé tilẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó olè. Èrò tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé àwọn àgbà ti wí pé bí ojú bá ń sunkún, á máa ríran.

Mo máa ń fi ìṣirò kan yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì gbà pé ó yẹ kí a fi yé àwọn tí ń wa ọkọ̀ iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tí ó ń sá eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bí mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 50, èyí tí ó jẹ́ òpin eré tí òfin gbà fún wa láàrin ìlú, mítà 14 ni. Agbára tí ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 100 yóò fi kọlu ènìyàn kò sì ní mọ sí ìlọ́po méjì ti èyí tí ó ń sá 50, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni. Ẹ wá ronú wo Arákálẹ̀ nígbà tí ọjà bá kún: láàrin mítà 28, ìyá aláta wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀, ọmọ tí ń kiri omi inú ọ̀rá sì wà níbẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó jalè. Bí lílé olè bá máa pa ọmọ olómi, ó sàn kí wọ́n jẹ́ kí olè lọ, kí wọ́n fi rédíò pe àwọn tí ó wà níwájú.

Nígbà tí mo bá gbọ́ sáírìn, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń lọ ṣe?

O kò lè mọ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ láti mọ̀. Wo dígí ẹ̀yìn rẹ, fi iná yíyà hàn, sún sí apá ọ̀tún ọ̀nà, kí o sì dúró bí àyè bá wà. Má ṣe tẹ̀lé e lẹ́yìn láti fi ọ̀nà tí ó là ṣe àǹfààní fún ara rẹ, nítorí pé mo ti rí onítasín tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì sọ ọkọ̀ rẹ̀ sínú kòtò.

Ohun tí ó ń dùn mí nípa sáírìn ni pé àwọn tí ń ṣi í lò ń ná owó tí kì í ṣe tiwọn. Ìdí tí awakọ̀ fi ń yà nígbà tí ó bá gbọ́ ọ ni pé ó gbàgbọ́ pé ẹ̀mí kan wà nínú ewu. Ní ọjọ́ tí ó bá rí i pé ibi àpèjẹ ìgbéyàwó ni ọkọ̀ tí òun yà fún ń lọ, ìgbàgbọ́ náà dín kù. Bí ó bá rí i nígbà mẹ́wàá, ó ti tán. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tí ó gbé aboyún yóò wá dé lẹ́yìn rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, yóò fọn fèrè títí, kò sì ní sí ẹni tí yóò mira.

Ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, tí ó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọjà ńkọ́?

Awakọ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kí pàtíkúlà ọkọ̀ rẹ̀ pé, kí adójútòfò rẹ̀ má sì tíì kọjá àkókò. Fìlà iṣẹ́ tí a gbé sí ojú dígí iwájú kì í ṣe ìwé ọkọ̀.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi de bẹ́líìtì? Ṣé òfin yọ̀ǹda fún wọn ni?

Mo ti bi ọlọ́pàá kan rí, ẹni tí ó jẹ́ aládùúgbò mi, ó sì dá mi lóhùn dáadáa. Ó ní bí àwọn oníbọn bá kọ lu ọkọ̀ wọn lójú ọ̀nà, ẹni tí ó bá wà nínú bẹ́líìtì lè kú kí ó tó tú u, àti pé ẹni tí ó gbé ìbọn gígùn sáàrin ẹsẹ̀ kò lè jókòó bí ẹni tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò fi ìdáhùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àwọn ojú ọ̀nà inú igbó kan tí àwọn ajínigbé ti ń dààmú ènìyàn, bóyá èmi náà yóò ronú bẹ́ẹ̀ bí mo bá wà ní ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè pé, láàrin ilé ìjọba ní Alágbàká àti Ìjàpọ̀, ibùba àwọn wo ni ó wà níbẹ̀? Kò dáhùn, ó kàn rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àṣà tí a kọ́ nínú igbó ni a gbé wọ ìlú, ìjàǹbá ọkọ̀ kò sì ya ìlú sọ́tọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ọkọ̀ nìkan ni ó dúró, ara ènìyàn ṣì ń bá eré rẹ̀ lọ títí dígí tàbí sítíárì yóò fi dá a dúró, kò sì bìkítà bóyá ẹni náà ní ìràwọ̀ ní èjìká. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ pé bẹ́líìtì lè dín ewu ikú ẹni tí ó jókòó níwájú kù ní nǹkan bí ìdajì. Àwọn tí ó ń dùn mí jù ni àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ń jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ Hilux gbalasa, tí ẹsẹ̀ wọn ń rọ̀ síta, tí ìbọn wà ní ọwọ́ kan, tí ọwọ́ kejì sì di irin mú. Ẹni tí ó gbé wọn jókòó síbẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá wí.

Ṣé ọlọ́pàá tí ó gun ọ̀kadà gbọ́dọ̀ dé akoto?

Bẹ́ẹ̀ ni, àti òun àti ẹni tí ó bá gbé sẹ́yìn. Bẹ̀rẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kì í ṣe akoto.

Bí ọlọ́pàá tí òun fúnra rẹ̀ kò de bẹ́líìtì bá dá mi dúró nítorí bẹ́líìtì, ṣé mo lè kọ̀ fún un?

Má ṣe kọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò pa tìrẹ rẹ́, ilé ẹjọ́ kò sì ní gbọ́ àwíjàre pé ẹni tí ó mú ọ náà jẹ̀bi. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí ìka méjì bá ṣẹ̀, ọba lè gé méjèèjì, ṣùgbọ́n ìkíní kò ní lọ lófìfo nítorí èkejì. Máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tan iná inú ọkọ̀ bí ó bá jẹ́ alẹ́, kí o sì jẹ́ kí ó rí ọwọ́ rẹ méjèèjì. Bí o bá jẹ ìtanràn, báńkì ni a ti ń san án, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé ìtanràn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí èmi fi ń kọ́ni, 2,000 náírà ni ti bẹ́líìtì, 3,000 ni ti eré àsápajúdé, 4,000 ni ti lílo fóònù lórí ìrìn, 50,000 sì ni ti ìwakọ̀ eléwu.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé ìbéèrè yìí kò nítumọ̀, nítorí pé ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lọ dúró ní Roadblock, ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Ọ̀wọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì máa wo àwọn ọkọ̀ èrò. Bí awakọ̀ bá ti rí aṣọ dúdú lókèèrè, yóò fa bẹ́líìtì kọjá àyà, kò ní kì í bọ ilé rẹ̀, yóò kàn fi ọwọ́ kan dì í mú. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti kọjá, wọ́n á jọ jọ̀wọ́ rẹ̀, bẹ́líìtì á sì fò padà sí àyè rẹ̀. Bẹ́líìtì tí a ń dè nítorí ọlọ́pàá nìyẹn. Ẹni tí ó ń dè é bẹ́ẹ̀ ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé nǹkan náà kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe ju pé kí ó gba òun lọ́wọ́ ìtanràn lọ. Ta ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Èmi kọ́, nítorí pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo ń fi ìdí bẹ́líìtì yé akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó tẹ orí wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ láti béèrè bẹ́líìtì, tí ó sì padà wọ inú ọkọ̀ tirẹ̀ lọ láìde ohunkóhun, òun ni olùkọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sì wọlé ju tèmi lọ, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń kọ́ ọ.

Ta ni ó lè mú ọlọ́pàá tí ó bá rú òfin ojú pópó?

Òfin àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ọdún 2007 fún àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà ní agbára láti mú ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó rú òfin ìrìnnà, kò sì yọ aláṣọ sílẹ̀. Ní ojú pópó, gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tí kò ní ìbọn kì í yá láti dá ẹni tí ó ní ìbọn dúró. Nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, ọ̀gá lè bá ọmọ abẹ́ rẹ̀ wí. Ẹ̀ka tí ń gba ẹ̀sùn àwọn ará ìlú sì wà láti ọdún 2015. Àjọ tí ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀, ní agbára láti bá ọlọ́pàá wí, ó sì lè yọ ọ́ níṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára yìí kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbàgbé ni ti ọdún 2012 ní Èkó, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá, gómìnà ìgbà náà, rí àwọn ológun tí wọ́n wa ọkọ̀ wọ ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT. Ó sọ̀kalẹ̀, ó dá wọn dúró, kọ́nẹ́ẹ̀lì sì wà nínú wọn. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sì ronú lẹ́yìn náà pé bí ó bá jẹ́ pé gómìnà fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jáde kí òfin tó lè mú aláṣọ kan, òfin náà kò tíì lágbára tó.

Ṣé mo lè fi fóònù ya ọkọ̀ ọlọ́pàá tí ó ń rú òfin?

Àwọn agbẹnusọ iṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra wọn ti sọ ọ́ ní gbangba pé yíya ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́, má ṣe é o. Ìwọ tí o fẹ́ fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn yóò ti jẹ 4,000 náírà kí o tó tẹ bọ́tìnnì, o sì lè kọlu ẹni tí ó wà níwájú. Jẹ́ kí ẹni tí ó jókòó tì ọ́ yà á, tàbí kí o kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ibẹ̀, ọjọ́ àti aago sílẹ̀ nígbà tí o bá dúró. Ẹ̀sùn tí ó ní nọ́ńbà àti aago ni ẹni tí ó gbà á lè ṣe nǹkan sí. “Àwọn ọlọ́pàá ń wa ìwàkuwà ní Àkúrẹ́” kì í ṣe ẹ̀sùn, ìkanra ni. Bí ìjàǹbá bá sì ti ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kò gba owó lórí fóònù.

Ṣé kì í ṣe awakọ̀ wọn ló burú, tí àwọn ọ̀gá kò sì mọ̀?

Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ ni ó ti wọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, òkè ni ó ti wọ́. Awakọ̀ kékeré tí ó gba wọ́n-wéè ní Ọjà Ọba kò dá a dábàá fúnra rẹ̀. Ọ̀gá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń wo aago. Bí ó bá dúró níbi iná pupa, ọ̀gá yóò béèrè ohun tí ó ń dúró dè. Àwọn olóṣèlú wa náà ń jẹ nínú ẹ̀bi yìí, nítorí pé ọkọ̀ mẹ́fà tàbí méje tí ń sáré tẹ̀lé ènìyàn kan ṣoṣo, àwọn ọlọ́pàá ni a máa ń fi sí iwájú wọn kí wọ́n máa lé wa kúrò lọ́nà. Ọlọ́pàá tí ó lo ọdún márùn-ún nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sí ojú pópó, kí ó máa ṣọ́ ìwakọ̀ tiwa, kò sí ẹni tí ó tún un kọ́.

Ǹjẹ́ ọlọ́pàá ti wá kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ yín rí?

Ó ti wá. Ọkùnrin kan dé lọ́jọ́ kan láìwọ aṣọ iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bí ó ṣe yẹ. Ó ti ń wa ọkọ̀ iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá lórí sítíárì, kò sí ohun tí mo lè kọ́ ọ nípa jíà. Nígbà tí a dé ráńdábọ́ọ̀tù kan ní Alágbàká, mo bi í pé ta ni ó ni ọ̀nà níbẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ́ kò le: láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún, ẹni tí ó ti wà nínú ráńdábọ́ọ̀tù, tí ó ń bọ̀ láti òsì, ni ó ni ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá, èmi ni,” kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ṣàlàyé pé nínú ọkọ̀ iṣẹ́, òun ni gbogbo ènìyàn máa ń dúró dè, òun kò tíì ní ìdí láti béèrè rí.

Ọkọ̀ kékeré mi ni a wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà L pupa níwájú àti lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó dúró dè wá. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gé wa, onítasín kan bú wa, a sì wà níbẹ̀ títí mo fi ka ọkọ̀ mẹ́rìnlá tí ó kọjá. Ó ń làágùn, ṣùgbọ́n kò tẹ fèrè. Nígbà tí àyè yọ, ó wo òsì, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tan iná yíyà kí n tó rán an létí.